Ọkọ̀ Ogun Tí Kò Kúrò Lójú Géètì

Òórùn amóníà, gáàsì tó ń mú ẹ̀rọ yìnyín tutù, kò jọ òórùn mìíràn. Bó bá kéré, á dà bí ìtọ̀ tó ti sùn mọ́jú nínú ike. Bó bá pọ̀, kì í ṣe òórùn mọ́, ó ti di ọwọ́ tó ń fún ènìyàn lọ́fun láti inú. Ìwọ tí a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹja yìnyín yẹn, láàárín Ọgbà àti Agége, níbi tí ògiri ẹ̀yìn ti kọjú sí ojú irin, kò yẹ kí n máa ṣàlàyé òórùn yẹn fún ọ. O mọ̀ ọ́n. Ohun tí o kò mọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì tí o fi ibẹ̀ sílẹ̀, lọ́sẹ̀ tí wọ́n kó sójà wá ṣọ́ wa. Ẹ̀ẹ̀mejì lo ti bi mí lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi pamọ́ fún ọ. Àyà mi ṣì máa ń já bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Ìyẹn lọ́sẹ̀ tí ìgboro dàrú. Wọ́n ń jó táyà ní oríta láti Agége títí dé Maryland, àwọn kan tí kò bá ìwọ́de wá rárá sì ń rìn lẹ́yìn àwọn tó ń wọ́de, wọ́n ń fọ́ ilé ìtajà. Wọ́n kó ilé ìkẹ́rùsí kan ládùúgbò wa ní ọ̀sán gangan, wọ́n sì ti iná bọ̀ ọ́. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ wa sáré lọ bẹ àwọn aláṣẹ, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì, sójà mẹ́sàn-án la bá lẹ́nu géètì, àti ọkọ̀ ogun kan, onírin gìrìwò, tí táyà rẹ̀ ga tó àyà mi, tí ìbọn ńlá dúró lórí rẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún ọ, inú mi dùn nígbà tí mo rí ọkọ̀ yẹn. Mo fi ọwọ́ kan ara rẹ̀ bí mo ṣe ń kọjá. Oòrùn ti mú un gbóná bí ikòkò orí iná. Mo ní lọ́kàn mi pé, ta ló máa rí èyí tí kò ní sá?

Sájẹ́ǹtì kan ló ṣáájú wọn, ọmọ Èkìtì bíi tèmi, ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tí ohùn rẹ̀ kì í sókè bó ti wù kí ó rí. Ó gbọ́ bí mo ṣe ń bá ìyá mi sọ èdè ilé lórí fóònù, ló bá kí mi láti ọ̀ọ́kán pé, “Ẹ kú uṣẹ́ o, Ẹnjinníà.” Láti ìgbà náà ló ti ń pè mí bẹ́ẹ̀, èmi náà ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Láàárọ̀, bí a bá ń wọlé, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì pẹ̀lú ìwé kékeré kan, á kà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nírọ̀lẹ́, á tún kà wá jáde. Àwọn tó ń di ẹja sí páálí ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ṣé òun ló ra àwọn ni. Á kàn tún nọ́ńbà náà pè, á kọ ọ́ sílẹ̀.

Yìnyín wa ni àwọn sójà fi ń mu gàrí lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹta, mo bu yìnyín lọ fún wọn, mo sì bi Sájẹ́ǹtì léèrè bí sójà mẹ́sàn-án ṣe máa ṣe é bí igba ènìyàn bá ya bo géètì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ogun ayé ìsinsìnyí kì í ṣe ti alágbára kan mọ́, Ẹnjinníà. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ yẹn kọ́ ló ń yìnbọn orí rẹ̀. Ẹni tó ń yìnbọn kọ́ ló ń pàṣẹ. Èmi tí mo wà lórí ilẹ̀ yìí, rédíò ni mo fi ń gba àṣẹ. Bí gbogbo rẹ̀ bá so mọ́ra, kò sí igba ènìyàn tó lè dúró níwájú wa.” Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Àmọ́ ọkọ̀ yẹn, wọ́n yá wa ni. Àwọn mẹ́ta inú rẹ̀ kì í ṣe ara mẹ́sàn-án wa, wọ́n ní ọ̀gá tiwọn, kì í ṣe èmi.” Mo gbọ́ ọ, mo sì lọ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn ni. Kí ló kàn mí níbẹ̀?

Ọjọ́ kẹrin là ń wí. Àárọ̀ ọjọ́ náà tutù, ọ̀nà ṣófo, ni gbogbo wa fi wá síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn aago méjìlá ni ariwo tún sọ. A ń gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn bí òjò tó ń bọ̀, kò sì pẹ́ tí òkúta fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu géètì bí ti ọjọ́ kẹta. Àṣẹ dé lórí rédíò pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ jáde, títí ọ̀nà yóò fi mọ́. Àwọn inú ọkọ̀ ogun wà á wọ inú ọgbà, wọ́n gbé e dábùú géètì láti inú, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ara wọn. Òkúta ń dún lára géètì, gbàù, gbàù. Ìró yẹn tilẹ̀ ń fi ọkàn wa balẹ̀ ni, nítorí a mọ̀ pé wọn ò lè wọlé.

Kò sí ẹni tó rò ó pé a ò lè jáde.

Iná mọ̀nàmọ́ná ń lọ, ó ń bọ̀. O rántí bí ìyẹn ṣe máa ń gbọn ẹ̀rọ kejì jìgìjìgì, èyí tí òrùka ìdí fáàfù tó ń sé gáàsì mọ́ inú rẹ̀ ti gbó, tí a ti kọ̀wé lórí rẹ̀ títí ọwọ́ fi ro wá. Nígbà tí iná padà dé lẹ́ẹ̀kẹta, mo wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, mo sì gbọ́ ohùn tín-ínrín kan, fíìì, bí ohùn kẹ́tù tó fẹ́ hó. Kí n tó dé yàrá ẹ̀rọ, èéfín funfun ti ń rá jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo já ìbòjú kan ṣoṣo tí a fi ń dí gáàsì, tó wà lára ògiri, mo fi bo ojú, mo fa iná ẹ̀rọ náà lulẹ̀, mo sì gbìyànjú láti dé ibi fáàfù. Mi ò dé ibẹ̀. Òtútù gáàsì náà gbá mi lọ́rùn àti lọ́wọ́ bí ẹni fi ẹgba yìnyín na ènìyàn. Mo padà sẹ́yìn, mo sáré jáde, mo ń pariwo pé kí gbogbo ènìyàn kúrò nínú ilé.

Wọ́n jáde lóòótọ́. Ibo ni wọ́n wá máa sá sí? Ojú géètì ni ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn mọ̀. Atẹ́gùn náà sì wá láti ojú irin lọ́jọ́ yẹn, ó ń fẹ́ lọ sí ojú géètì gan-an. Mo dúró láàárín ọgbà, mo ń wo ìkùukùu funfun yẹn bó ṣe yọ láti ojú fèrèsé, tó wálẹ̀, tó ń fa ara rẹ̀ lọ lórí ilẹ̀ bí ẹran tó ń gbóòórùn kiri. Mo ti kà á nínú ìwé rí, bí ó ṣe máa ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró. Kò sí ohun tó burú tó kí o mọ ohun tó ń bọ̀, kí àwọn tó yí ọ ká má mọ̀ ọ́n. Wọ́n kàn ń wúkọ́, wọ́n ń bú mánéjà.

Mo sáré lọ bá Sájẹ́ǹtì. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣí géètì. Gáàsì yìí máa pa wá.”

Ó wo ojú mi, kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbé rédíò. Mo gbọ́ bó ṣe ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Èsì tó dé ni pé kí ó dúró, wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó tún pè. Wọ́n ní kí ó dúró. Ní ìgbà kẹta, wọ́n bi í pé ṣé ó dá a lójú pé kì í ṣe ẹ̀tàn àwọn tó wà níta ni, kí wọ́n lè ráyè wọlé. Ó yípadà, ó fi ìdí ìbọn kan ọkọ̀ ogun. Kọ́pórà tó ń darí rẹ̀ yọ orí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, bóyá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni.

“Wa ọkọ̀ yìí lọ sẹ́yìn,” Sájẹ́ǹtì sọ fún un. “Fi ti ògiri ojú irin lulẹ̀, kí àwọn ènìyàn yìí rí ọ̀nà gbà.”

Kọ́pórà mi orí. “Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọkọ̀ yìí kò sí lábẹ́ yín. Ọ̀gá mi ló fi í síbí. Ẹni tó gbé e láìgbàṣẹ lóṣù tó kọjá ṣì wà ní àtìmọ́lé.”

Mo fẹ́ kórìíra ọmọkùnrin yẹn, kò ṣeé ṣe fún mi. Ẹ̀rù ń ba òun náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó ń bà mí lẹ́rù ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tó lè wó ògiri yẹn lulẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan ló dúró níwájú wa, epo wà nínú rẹ̀, awakọ̀ wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé. Ẹnu kan ṣoṣo tó lè sọ pé “Ó yá” ni kò sí níbẹ̀, ẹlẹ́nu náà wà níbi tí òórùn kò lè dé. Láàárín ìgbà náà, ìkùukùu ti ń bo ibi tí a ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù sí. Obìnrin kan nínú àwọn tó ń di ẹja ṣubú lórí ìkúnlẹ̀, ó ń pe Jésù. Ẹnìkejì rẹ̀ tó fà á dìde ń ké Láìláhà illalláhù.

Sájẹ́ǹtì wo rédíò ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ènìyàn. Ó wá fi kọ́ ara bẹ́líìtì rẹ̀. Ó ní, “Ẹnjinníà, apá ibo ni gáàsì yìí kò ní dé?”

Mo nawọ́ sí ẹ̀yìn, sí ojú irin. “Ibi tí atẹ́gùn ti ń wá.”

Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀. Kò ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ tó sọ, ohun tí mo sì rí lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ẹni tó bá ní kò sí ohun tí sójà wúlò fún, kò tíì rí wọn níbi iṣẹ́. Ògiri yẹn ga ju ènìyàn méjì lọ, ìgò fífọ́ ni wọ́n sì tò sórí rẹ̀. Méjì tò páálẹ́ẹ̀tì, pákó tí a ń to páálí ẹja lé, lérí ara wọn. Méjì gun orí rẹ̀, wọ́n bọ́ ẹ̀wù ayẹta tó wúwo tí wọ́n wọ̀ sọ́rùn, wọ́n tẹ́ ẹ lé orí ìgò. Méjì fò sí òdìkejì láti máa gba ènìyàn. Ẹnikẹ́ni kò bi ẹnikẹ́ni pé kí ni kí n ṣe. Ìṣísẹ̀ wọn bára mu bí ti àwọn mẹ́ta tó jọ ń gún iyán nínú odó kan. Wọ́n ní kí àgbàlagbà ṣáájú, kí obìnrin tó lóyún tẹ̀ lé wọn, kí àwọn yòókù tò. Àwa tí a ti ń tẹ ara wa mọ́lẹ̀ lójú géètì, a tò. Ohùn kan tí kò pariwo ló tò wá. Ẹ̀wù tí wọ́n rán nítorí ọta ìbọn ni ikùn wa fi ń yọ̀ kọjá lórí ìgò.

Sájẹ́ǹtì dúró sísàlẹ̀, ó ń kà. Èmi náà wà lórí ìlà. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ: mo ti kọjá ààyè mi lórí ìlà. Ìbòjú wà lọ́rùn mi, èmi nìkan ni mo ní i, síbẹ̀ mo ti ń fi èjìká ti àwọn tí kò ní nǹkan kan níwájú mi.

Ó ní, “Mọ́kànlélógójì pẹ̀lú Ẹnjinníà. Méjìlélógójì ló wọlé láàárọ̀. Ta ló kù?”

Gbogbo ènìyàn ń wo ara wọn. Mo mọ̀ ọ́n. Lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n. Màmá tó ń gbálẹ̀ ni, ará Ìjẹ̀bú, tó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ. Ìró òkúta ọjọ́ tó ṣáájú ti bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ tó fi lọ ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, tó ní kí a wá pe òun bí ó bá tán. Ibẹ̀ ló sì tún máa sá sí lónìí. Yàrá yẹn fi ògiri kan ṣoṣo jìnnà sí yàrá ẹ̀rọ. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì pa ẹnu mọ́. Mo ka èémí mi, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mo ń rò ó pé bóyá ẹlòmíràn á sọ ọ́. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́, kò ní jẹ́ èmi tí mo ní ìbòjú ni wọ́n máa wò. Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí.

Ohùn mi ló jáde kí n tó pinnu. “Màmá agbálẹ̀ ni. Wọ́n wà ní yàrá aṣọ.”

Sájẹ́ǹtì na ọwọ́ sí ìbòjú ọrùn mi. “Gbé e wá. Èmi á lọ.”

“Ẹ ò mọ ọ̀nà,” ni mo sọ. Ọ̀nà inú ilé yẹn lọ́jú pọ̀, o mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó lè ríran nínú funfun yẹn. Ojú ni ó máa di, ẹsẹ̀ ló máa rìn ín, ẹsẹ̀ mi ló sì mọ̀ ọ́n.

Ó fa okùn tí wọ́n fi ń di tapólì bo ẹrù ọkọ̀, ó so ó mọ́ ìbàdí mi. Ó rẹ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú omi yìnyín, ó fi we imú. “Màá wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí o bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, màá fà ọ́ jáde. Bí okùn bá dúró ju bó ṣe yẹ lọ, màá fà ọ́ jáde bákan náà, kí o bínú sí mi lẹ́yìn náà.”

Mi ò lè sọ bí inú ibẹ̀ ṣe rí fún ọ dáadáa. Funfun ni, ó sì tutù, bí ìgbà tí ènìyàn rìn wọ inú wàrà. Mò ń gbọ́ èémí ara mi nínú ìbòjú bí èémí ẹlòmíràn. Ara mi tó làágùn ń ta mí bí ata, ní abẹ́ apá, láàárín itan, níbi gbogbo tí omi bá wà lára. Ìbòjú náà ti gbó. Ó ti ń jẹ́ kí díẹ̀ wọlé. Mo ń fi ọwọ́ òsì pa ògiri, mo ń ka ilẹ̀kùn. Ní ilẹ̀kùn kejì, mo dúró. Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo di okùn náà mú láti fà á lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n yọ mí kúrò níbẹ̀. Mo wá mọ̀ ọ́n lára pé okùn náà kò dẹ̀, pé ẹnì kan ń dì í mú ní ìkángun kejì, láìfi ìbòjú bojú. Mo rìn.

Ìró omi ni mo gbọ́. Màmá ti ti aṣọ gbogbo sí abẹ́ ilẹ̀kùn, ó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀, ó fi aṣọ tútù bo orí, ó sì tẹ orí rẹ̀ sínú agbada ìfọwọ́. Ó ṣì ń mí. Mo gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, mo fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Nígbà tí a dé ibi ògiri, kò ku ẹnikẹ́ni nínú ọgbà ju sójà lọ. Mo rí Kọ́pórà pẹ̀lú àwọn méjì tirẹ̀, tí ojú wọn ti wú, tí omi ń dà lójú wọn. Gáàsì ti dé ibi tí wọ́n wà, wọ́n sì ti fò jáde, wọ́n sá tẹ̀ lé wa. Kọ́pórà ló gbé Màmá lé èjìká rẹ̀ sókè. Ọkọ̀ ogun dúró lójú géètì, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sí ẹnì kan nínú rẹ̀. Àwọn tó ń sọ òkúta níta ti gbọ́ òórùn, wọ́n ti túká. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan ni panápaná rọ́nà dé, tí wọ́n ti fáàfù náà. Sájẹ́ǹtì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ojú irin ni òun wà nígbà tí rédíò bẹ́líìtì òun sọ̀rọ̀: àṣẹ ti dé o, kí wọ́n ṣí géètì.

Màmá lo ọjọ́ mọ́kànlá nílé ìwòsàn. Ikọ́ náà kò tíì kúrò lára rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ó wà láàyè, ó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ọmọlẹ́. Nígbà tí mo lọ kí i, mo bi í pé ta ló sọ fún un kí ó ṣí omi. Ó ní, “Ìwọ kẹ̀. O ń kọ́ ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, mò ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. O ní omi máa ń mu gáàsì yẹn.” Mo sunkún lórí ibùsùn rẹ̀. Mi ò rántí pé mo sọ ọ́ rí. Mi ò sì rántí pé ó wà níbẹ̀.

Ní ti Sájẹ́ǹtì, wọ́n pè é láti wá dáhùn ìbéèrè. Ó pè mí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n bi í pé ta ló ní kí ó kúrò lójú géètì, ó ní kò sí. Wọn kò lé e, wọn kò sì yìn ín; wọ́n kàn gbé e lọ sí Òkè Ọya, níbi tí ogun gidi wà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni a ń kí ara wa. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní, “Rárá. Àmọ́ má bá mi bú àṣẹ, Ẹnjinníà. Bí kì í bá ṣe àṣẹ tó ti wọ àwọn ọmọ yẹn lára, à bá ti pa ara wa síbi ògiri yẹn.” Mo rò ó títí. Òótọ́ ló sọ. Ohun kan náà tó tò wá kọjá lórí ìgò láìsí ẹni tó fara pa ló dè ọkọ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń jiyàn lórí tẹlifíṣọ̀n nípa iye ọkọ̀ ogun tó yẹ kí a rà, iye bàálù. Mi ò mọ̀ nípa ìyẹn. Ohun tí mo máa ń fẹ́ bi wọ́n ni pé, ẹni tó wà níbi tí ewu wà, kí ni ẹ fún un láṣẹ láti ṣe?

Mo ti kúrò níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ mìíràn ni mo wà báyìí, níbí ní Ìkejà, mo ti di ọ̀gá lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mi ò ní tàn ọ́. Bí kẹ́tù bá hó nílé ọkọ mi, mo máa ń dìde kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gba owó oṣù níbẹ̀, látorí aṣọ́géètì títí dé ẹni tó ń se oúnjẹ, tí mi ò tíì mú lọ sí ibi bọ́tìnnì pupa tó ń pa gbogbo ẹ̀rọ. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́nu iṣẹ́ tẹ bọ́tìnnì náà. Ó ní òun gbóòórùn kan. Oògùn ìfọlẹ̀ lásán ni, ẹnì kan ló dà á sílẹ̀. Odindi ọ̀sán ni iṣẹ́ fi dúró. Mánéjà pè wá sí ọ́fíìsì, ó ní ta ló fún ọmọ yìí láṣẹ. Ọmọ náà ń sunkún. Mo ní èmi ni. Mo yíjú sí i níwájú mánéjà, mo ní bó bá tún gbóòórùn lọ́la, kí ó tún tẹ̀ ẹ́.